Ìtàn Fóònù Tọ́ọ̀ṣì Láàárín Wa

Abẹ́òkúta tí Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ọdún 1859 kì í ṣe àjèjì sí ìròyìn, ṣùgbọ́n tẹlifóònù pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. A kì í kí ara wa tán kí a tó pa á. Ní ọdún 2003 ni Glo bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọdún yẹn kan náà ni Nokia 1100 jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí rẹ̀. Iye tí wọ́n tà káàkiri àgbáyé lé ní 250,000,000. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, tọ́ọ̀ṣì náà nìkan tó rà á fún.

Fóònù ńlá dé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbà kò fi kékeré sílẹ̀, èmi kò sì rí àìlajú kankan nínú rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹni tí ó ní in lè tẹ nọ́ńbà kí ó fi owó ránṣẹ́ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún un.

Ṣùgbọ́n kò ní WhatsApp, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ ń kó ìkéde sí nísinsìnyí. Àgbà tí ó wà ní Aké tàbí Òwu lè má gbọ́ títí ìpàdé yóò fi kọjá. Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa pè wọ́n. Kí àwọn akọ̀wé sì máa fi SMS kún ìkéde wọn.