Eruku inú ọ̀rá

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lábẹ́ ohùn mi, ẹ má bínú, ará ilé kejì ti tan jẹnẹrétọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ ìlọta màmá mi jóná. Mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan tó máa ń wé wáyà ẹ̀rọ. Wọ́n tú u, wọ́n fi kọ́pà tó ti dúdú hàn mí, wọ́n ní, "Kì í ṣe kọ́pà ló kú, aṣọ tó wọ̀ ni." Aṣọ yẹn ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo wáyà, tí kì í jẹ́ kí iná já síbi tí kò yẹ. Iná tó rẹlẹ̀ jù ló mú kí ẹ̀rọ náà gbóná títí aṣọ fi yọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni màmá mi kò fi rí ọjà tà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn.

Wọ́n ti gbójú lé òkúta nígbà kan rí. Mica máa ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń fara da ooru. Àmọ́ ó rọrùn láti fọ́, ni wọ́n bá ń fi shellac, oje kòkòrò kan tó wà ní Íńdíà, lẹ àwọn ẹ̀là rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Leo Baekeland, ọmọ Belgium tó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, dá Bakelite sílẹ̀ ní 1907, òun náà kò dá nìkan ṣiṣẹ́: wọ́n ń po ìyẹ̀fun igi tàbí lúbúlúbú mica mọ́ ọn.

Láàárín 1960 sí 1969 ni DuPont gbé ọ̀rá Kapton jáde, aláwọ̀ oyin tó bá Apollo dé òṣùpá. Ọ̀rá tó dáa ni. Àfi ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì iná dé, tí wọ́n ń tan iná tí wọ́n sì ń pa á lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, iná kékeré á máa ta pàrà, á máa jẹ ọ̀rá náà bí ikán ṣe ń jẹ òpó.

Wọ́n bá tún padà sọ́dọ̀ òkúta. Ṣùgbọ́n bí lúbúlúbú bá rí wọ́rọwọ̀rọ, ńṣe ló ń sọ ọ̀rá di aláìlágbára, bí òkúta inú ìrẹsì. Ní 1994, T. J. Lewis ní Bangor, ní Wales, kọ̀wé pé ojú ibi tí ike àti òkúta ti pàdé gan-an ni ká máa wò. Bí hóró bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ìpàdé yẹn ṣe ń pọ̀ tó. Lónìí, ọ̀rá Kapton kan wà tí wọ́n po lúbúlúbú alúmínà mọ́: bí iná bá jẹ ike ojú rẹ̀ tán, alúmínà á ṣẹ́kù bí ògiri.

Mo béèrè lọ́wọ́ bọ̀dá yẹn bóyá wọ́n ń lo irú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Èyí tí owó oníbàárà bá ká ni mò ń wé."

Màmá mi ti padà sí ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n ní ìró rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.