Ijó Hula: Àkọsílẹ̀ Ìtàn Àwọn Ará Hawaii

Kí ìmọ̀ ìwé tó dé erékùṣù Hawaii, orin àti ijó ni àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń pa ìtàn mọ́. Nínú ijó hula, orin a máa ka ìran ọba àti ìṣe òrìṣà. Ọwọ́ oníjó a sì máa ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì dé ní ọdún 1820. Wọ́n ka ijó náà sí ìwà ìbàjẹ́. Ní ọdún 1830, Ka'ahumanu, adelé ọba tí ó ti gba ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, fi òfin dè é. Síbẹ̀, kò parun. Ọba Kalākaua mú un padà sí gbangba níbi ayẹyẹ ìgbadé rẹ̀ ní ọdún 1883. Níbi tí ijó ti jẹ́ àkọsílẹ̀, òfin tí ó de ijó, ìtàn ni ó dè.