Ẹ̀dà Kì í Ṣe Àbùkù

Họ́móònù ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì Kétu àti Ìkòsí, mi ò sì rí ìdí tí a fi ní láti wá òmíràn. Èyí tí kò tíì lórúkọ ni pùròtéènì inú sẹ́ẹ̀lì tàbí ara rẹ̀ tó ń di họ́móònù mú, kí iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an tó lè jẹ́. Agbòjíṣẹ́ ni mo ń pè é. Gba àti ẹ̀bí ló bí agbẹ̀bí; gba àti òjíṣẹ́ ló bí èyí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí oríṣiríṣi agbòjíṣẹ́ tí a bí mọ́ ènìyàn. Àbùkù ló máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu wa, tàbí àléébù. Èmi kò gbà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ní ọ̀rọ̀ tó péye: ẹ̀dà. "Ní ilé" di nílé, "ní ọjà" di lọ́jà. Ìró n àti ìró l níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ló ń yan èyí tí a ó gbọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ọ̀kan nínú wọn lárùn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára wa. Agbòjíṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Duffy wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ àwọn ará Yúróòpù. (Kì í ṣe họ́móònù gan-an ló ń gbà, kẹmokáìnì ni, ìbátan họ́móònù tó ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun síbi tí ara bá ti ń jà.) Láàárín àwa Yorùbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ní in lára sẹ́ẹ̀lì pupa; ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí DNA tí wọ́n ń pè ní HapMap, tí wọ́n gbé jáde ní 2005, fi hàn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n ti rí ìdí rẹ̀: lẹ́tà DNA kan ṣoṣo, T tó di C, níbi tí pùròtéènì GATA-1 ti ń tan jíìnì Duffy nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ẹ̀jẹ̀ pupa. Agbòjíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Lára ògiri àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí. Àìsí rẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì pupa ló sì jẹ́ kí irú ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní vivax ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀dà yìí kan náà ló ń dín iye nútírófìlì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, inú ẹ̀jẹ̀ wa kù, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan ti fi hàn ní 2009, láìjẹ́ pé àìsàn ń tètè mú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ láàbù ló ń fi 1,500 nínú máíkírólítà kan ṣe ààlà. Bàbá oníṣu kan ní Mile 12 na ìwé èsì tirẹ̀ sí mi: 1,300, pẹ̀lú lẹ́tà L gàdàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kà á fún un ti ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín lábùkù." Jẹjẹrẹ ni ọkàn rẹ̀ ti lọ sí. Mo ní, "Bàbá, ó lè jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n bí mọ́ yín ni. Ẹ bi dókítà bóyá ti Duffy ni, kí ẹ tó gbé e sọ́kàn."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń yọ mí lẹ́nu: kí ni ká pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó péjọ síbì kan ṣe irú iṣẹ́ kan náà? Àwọn kan ń kọ iṣan, ṣùgbọ́n iṣan ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà lára gan-an ni mo ń dárúkọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Ẹ wo agbòjíṣẹ́ andirójìn, họ́móònù ọkùnrin: ẹ̀dà kan wà tí ìyípadà rẹ̀ wà nínú agbòjíṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí kò sì gbọ́ iṣẹ́ níbikíbi lára, débi pé ọmọ tó ní kírómósómù X àti Y yóò dàgbà ní ìrísí obìnrin. Ẹ̀dà gbogbo-ara ni mo ń pe irú èyí. Ti Duffy jẹ́ ẹ̀dà ibìkan, títí ẹlòmíràn yóò fi mú èyí tó san jù bẹ́ẹ̀ wá.