Ìtọ́jú ímeèlì àtìgbàdégbà àti àsomọ́ wọn

Ímeèlì àtìgbàdégbà ni ímeèlì tí olùfiránṣẹ́ kan náà máa ń fi ránṣẹ́ lóòrèkóòrè, tí ìrísí rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà: alert báǹkì nígbàkigbà tí owó bá wọlé tàbí tó jáde, sítétíméǹtì ìparí oṣù, ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́, rìsíìtì iná mànàmáná, ìròyìn ìjọ, ìpolówó ọjà. Ìtọ́jú wọn ni kí ẹni tó ni àpótí ímeèlì yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà tó ń dúró de èsì, kí ó sì kó fáìlì tí wọ́n gbé wá, ìyẹn àsomọ́, síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó o lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í retí èsì, wọ́n sì máa ń jọra wọn bí ìbejì. Ìjọra yìí ló jẹ́ kí ẹ̀rọ lè bá èèyàn tò wọ́n.

Ìtàn

Àpótí ímeèlì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Lọ́dún 1965, Tom Van Vleck àti Noel Morris kọ àṣẹ MAIL fún kọ̀ǹpútà ńlá kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tuntun kàn ń lẹ̀ mọ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ nínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ MAIL BOX. Lọ́dún 1971, Ray Tomlinson mú kí lẹ́tà kúrò lórí kọ̀ǹpútà kan dé orí òmíràn lórí ARPANET, ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì fi àmì @ sáàárín orúkọ èèyàn àti orúkọ ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ rárá tí ìṣòro títò fi yọjú. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà rẹ̀ nígbà yẹn, gbogbo wọn ni ẹ̀rọ máa ń dà síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lọ́dún 1972, Larry Roberts kọ ètò kan tó pè ní RD, èyí tó ń to àwọn lẹ́tà sílẹ̀ kí èèyàn lè mú èyí tó wù ú kà, kí ó tọ́jú òmíràn, kí ó sì pa ìyókù rẹ́. Ohun tí gbogbo àpótí ímeèlì òde òní ń ṣe kò jìnnà sí ìyẹn. Mark Crispin fi ìlànà IMAP kún un lọ́dún 1986 ní Stanford, tí lẹ́tà àti fódà fi ń gbé orí ẹ̀rọ olùpèsè, tí èèyàn sì lè bá wọn níbẹ̀ láti orí ẹ̀rọ yòówù tó bá lò.

Asẹ́

Ìlànà tí a fún ẹ̀rọ pé kí ó máa wo lẹ́tà tó bá wọlé, kí ó sì gbé e síbi tó yẹ, ni a ń pè ní asẹ́ nínú àyọkà yìí. A ò ṣàdédé yan orúkọ náà: Sieve, èdè tí wọ́n fi ń kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2001, asẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Àmọ́ ìyá tó ń sẹ́ ògì mọ ohun tí òun ń wá. Omi ògì á lọ sísàlẹ̀, èèrí á kù sókè. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Àmì tí a bá ní kí ó wò nìkan ló ń wò.

Àmì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yàn ni ọ̀rọ̀ inú àkọlé lẹ́tà, òun gan-an ló sì máa ń tètè yẹ̀. Ilé iṣẹ́ á yí àkọlé padà lóṣù kan, asẹ́ ò ní dá a mọ̀ mọ́. Àdírẹ́ẹ̀sì olùfiránṣẹ́ lágbára jù ú lọ. Èyí tó lágbára jù fún ìròyìn àti ìpolówó ni ìlà kan tó ń jẹ́ List-Id, tí kì í hàn sí òǹkàwé lásán, àfi tó bá ṣí orí lẹ́tà wò: láti 2001 ni ìlànà ti wà pé kí ó má yí padà bí ẹni tó ń fi ìwé ránṣẹ́ tilẹ̀ yí padà. Ọgbọ́n mìíràn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lo Gmail. Tó bá fi àmì + àti ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ rẹ̀ ṣáájú @, lẹ́tà yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn á sì jẹ́ àmì fún asẹ́. Ẹni tó fi "+ina" sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mànàmáná, tó wá rí ìpolówó bàtà tó gba ibẹ̀ wọlé, ti mọ ibi tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti jò. Àwọn ojúlé kan kì í gba + ṣá.

Gmail fúnra rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2004 pẹ̀lú àyè 1 GB, nígbà tí Hotmail ń fúnni ní 2 MB. Nítorí ọjọ́ tó bọ́ sí, àwọn kan rò pé àwàdà ni. Dípò fódà, ó lo lébẹ́ẹ̀lì: lẹ́tà kan lè ní méjì tàbí mẹ́ta, bí èèyàn kan ṣe lè jẹ oyè ní ìlú bàbá àti ní ìlú ìyá. Rìsíìtì ilé ìwé ọmọ lè wà lábẹ́ "ọmọ" àti "owó" pa pọ̀.

Asẹ́ tó ń gbé lẹ́tà pamọ́ kí olúwa rẹ̀ tó rí i léwu fún ohun tó bá kan owó. Báǹkì lè lo àdírẹ́ẹ̀sì kan náà fún ìpolówó àti fún ìkìlọ̀ pé káàdì fẹ́ dópin. Ó sàn kí asẹ́ fi lébẹ́ẹ̀lì sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ lójútáyé.

Àsomọ́

Kó tó di 1992, kò sí ìlànà kan pàtó tí gbogbo ímeèlì fi ń gbé ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn, kò sì sí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wa. Nathaniel Borenstein àti Ned Freed ló gbé ìlànà MIME jáde lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Borenstein fi àwòrán àti orin ẹgbẹ́ akọrin ẹlẹ́ni mẹ́rin tí òun náà wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ìlànà kan náà yìí ló ṣí ọ̀nà fún PDF báǹkì àti fún lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lórí.

Ọ̀rọ̀ náà "àsomọ́" ń tan èèyàn jẹ. A kì í so fáìlì náà mọ́ lẹ́tà láti ìta, inú lẹ́tà gan-an ni MIME ń kọ ọ́ sí. Ó ń sọ báìtì 3 kọ̀ọ̀kan di àmì ìkọ̀wé 4, nítorí náà fáìlì 15 MB á di 20 MB ó lé díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tó dà bíi pé kò kọjá òdiwọ̀n fi lè kọ̀ láti lọ. Ìdí náà sì nìyẹn tí pípa lẹ́tà rẹ́ fi ń pa ìwé inú rẹ̀ rẹ́. Eudora, ètò ímeèlì tí Steve Dorner kọ ní Yunifásítì Illinois lọ́dún 1988, gba ọ̀nà mìíràn: bí lẹ́tà bá ti ń wọlé ni ó ń yọ fáìlì inú rẹ̀ sí fódà tirẹ̀. Ọ̀nà yẹn bọ́gbọ́n mu ju bí ọ̀pọ̀ ètò òde òní ti ń ṣe lọ, nítorí iye ọjọ́ tí lẹ́tà àti ìwé ń lò kò dọ́gba. "Ẹ wo sítétíméǹtì yín nísàlẹ̀" ti parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Sítétíméǹtì fúnra rẹ̀ lè di ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́dún méjì lẹ́yìn náà.

Bí àpẹẹrẹ, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń kọ ìwé owó orí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ó kéré tán oṣù 22 lẹ́yìn òpin ọdún owó orí náà. Ti ẹni tó ń dá òwò ṣe tún pẹ́ jùyẹn lọ. Ẹni tó ń tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀ láti Nàìjíríà sì sábà máa ní láti fi sítétíméǹtì hàn pé owó náà dúró fún ọjọ́ 28 láìdín.

Ìsọlórúkọ ló gbẹgẹ́ jù. Báǹkì lè sọ gbogbo fáìlì oṣù méjìlá ní "statement.pdf", fóònù á wá fi (1), (2), (3) kún un gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe gbà á sílẹ̀, láìka oṣù sí. Bí a bá fi ọdún ṣáájú, tí oṣù onídíjíìtì méjì tẹ̀lé e, bíi "2024-03 sitetimenti", fáìlì yóò to ara rẹ̀, nítorí láti ọwọ́ òsì ni ẹ̀rọ ti ń kà á. "03-2024" á kó gbogbo oṣù Kẹta jọ láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ ní ìṣòro kan tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lásán sọ ọ́ kò ní: ṣ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ s tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú kò rí ìyàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ ìwárí mìíràn rí i, á sì ní òun kò rí "oṣù" tó wà níwájú ẹni. Títí tí èyí yóò fi tán nílẹ̀, orúkọ fáìlì láìlámì ló ń yọni nínú wàhálà, bó tilẹ̀ ń dun ẹni tó fẹ́ràn àmì ohùn.

Ọ̀pọ̀ báǹkì ń fi páàsíwọ̀ọ̀dù ti PDF wọn pa. Ẹ kọ ohun tó ń ṣí i síbì kan. Ìwé owó oṣù tó ń gba ímeèlì ibi iṣẹ́ wọlé yẹ kó jáde kúrò níbẹ̀ kíá, torí ọjọ́ tí èèyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni àpótí yẹn lè tì.

Fódà àbí ìwárí

Lórí bóyá fódà ló sàn tàbí ìwárí, àwọn olùwádìí kò tíì fẹnu kò. Lọ́dún 1996, Steve Whittaker àti Candace Sidner rí irú èèyàn mẹ́ta: ẹni tí kì í lo fódà, ẹni tó ń to lẹ́tà lójoojúmọ́, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí Whittaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2011, lórí èèyàn 345 àti ìgbà tó lé ní 85,000 tí wọ́n wá lẹ́tà padà, dábàá pé akitiyan àwọn tó ń kó lẹ́tà sí fódà kò jẹ́ kí wọ́n yára rí i ju àwọn tó ń lo ìwárí lọ. Àmọ́ ètò ímeèlì kan ṣoṣo ni wọ́n wò, lẹ́tà ní àpapọ̀ ni wọ́n sì gbé yẹ̀wò. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún lẹ́tà 36 tí àkọlé wọn jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí ìwárí yóò kó gbogbo wọn wá. Kò yẹ kí a sọ ju èyí lọ.

Ewu àti ìyọrúkọ kúrò

Lẹ́tà tó jọra ń fún ayédèrú ní àwòkọ. Àsomọ́ pẹ̀lú lè gbé ewu wá: kòkòrò kọ̀ǹpútà ILOVEYOU ti oṣù Karùn-ún 2000 gbé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí ".TXT.vbs", Windows ń bo ".vbs" yẹn mọ́lẹ̀, àwọn èèyàn rò pé ìwé lásán ni.

Láti 1998 ni ìlànà ti wà fún ìlà kan nínú orí lẹ́tà tí èèyàn lè fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Lọ́dún 2024, Google àti Yahoo sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń fi ìpolówó ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ti Gmail, àwọn tí lẹ́tà wọn tó 5,000 lójúmọ́ ló kàn. Alert báǹkì àti rìsíìtì kò sí lábẹ́ òfin náà.