Ọmọ Sèmè àti Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó wà ní Sèmè. Títí dòní, ààlà náà ń bá ọmọ ibẹ̀ yan yunifásítì.

Yunifásítì Abomey-Calavi, tí ìjọba Dahomey dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, kò jìnnà, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. LASU (1983) wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àmọ́ Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà, ní òdìkejì ìpínlẹ̀. UNILAG (1962) ní tirẹ̀ ní Yábà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lójú tiwa, èdè tí a gbọ́ àti ilẹ̀ tí a ó ti ṣiṣẹ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò, kí á tó wo ìtòsí.