Nígbà tí Kẹ̀kẹ́ Ń Na Ọ̀nà Ọ̀jọ̀kú

Táyà kẹ̀kẹ́ Raleigh onírin tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, ní agbègbè Ọ̀ffà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ń gùn láyé ìjọba òyìnbó fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 40. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago lónìí, tó ní òun fẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní gravel bike, tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà tí kò lọ́dà, táyà tí yóò bá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 40 yẹn. Ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ ló yàtọ̀. Ti òde òní lè má ju kílò 10 lọ. Ti ayé ọjọ́un ń lọ bíi 20 kí wọ́n tó di ẹrù kankan lé e. Owó wọn náà kò sì dọ́gba, ìyẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Eré ìje orí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti di ńlá. Ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń sá a láti 2006. Ní oṣù kẹwàá 2022, UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní agbègbè Veneto ní Ítálì. Kẹ́ńyà náà ní tirẹ̀, Migration Gravel Race, tó ń gba ilẹ̀ Maasai Mara kọjá láti 2021. Bí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ṣe ń ròyìn rẹ̀, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni pé kẹ̀kẹ́ lè rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ní Ọ̀ffà, Ọ̀jọ̀kú, Ìrá àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ohun tí wọ́n fi ń jẹun nìyẹn fún bí ogójì ọdún.

Ojú irin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ogun Ìlọrin lábẹ́ Balógun Kàrárà ti dó ti Ọ̀ffà fún ọdún púpọ̀ kó tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1890, ìlú sì fọ́n ká. Ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company tí George Goldie, olórí rẹ̀, kó wá ṣẹ́gun Ìlọrin náà. Àwọn ará Ọ̀ffà kò tíì padà sílé tán nígbà tí rélùwéè dé bá wọn. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì máa fi di 1909, ó ti kọjá Ọ̀ffà àti Ìlọrin dé Jẹ́bbà. Iṣu àti ọ̀dùnkún tí ì bá jẹrà sóko wá di ohun tí wọ́n lè tà l'Ékòó.

Àmọ́ ojú irin kì í wọ oko. Láti abúlé dé ibùdókọ̀, orí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ru ẹrù. Nígbà tó yá, ọba àti baálẹ̀ kó èèyàn jáde láti la ọ̀nà, pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti agbọ̀n. Wọ́n á wú yangí lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á fi igi lù ú mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dé ibi odò kékeré, ìtì igi ni afárá. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba àwọn ọ̀nà tó gbòòrò díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti gbalẹ̀, ó di kó rì. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò bèèrè ju ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ èèyàn kan lè gbà.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ wà níbi tí omi ti ń yapa. Odò Ọ̀yun, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ tí Ọ̀jọ̀kú wà nínú rẹ̀, ń ṣàn lọ sí àríwá, omi rẹ̀ sì ń bá a lọ títí dé Odò Ọya. Odò Ọ̀tìn lápá gúúsù ń lọ bá Ẹ̀rìnlẹ̀, Ẹ̀rìnlẹ̀ ń lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun ń lọ já sí ọ̀sà lẹ́bàá òkun. Ìrá, tí ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni ìlú Ọya, kò jìnnà sí Ọ̀jọ̀kú. Nítorí pé omi ń yapa níbẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní àgbègbè yìí kì í rí ọ̀nà tó tẹ́jú pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́: yóò gun orí ilẹ̀ gíga tó ń tètè gbẹ, yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀ sí ibi àkùrọ̀ tí ẹrẹ̀ ti ń dúró dè é. Lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, táyà ọkọ̀ akẹ́rù á ti sọ ojú yangí di gbágungbàgun bíi páànù ìbolé, agunkẹ̀kẹ́ á sì máa wá bèbè ọ̀nà tó bá dán díẹ̀ gbà.

Ẹrù dídì lórí kẹ̀kẹ́ gba ọgbọ́n. Wọ́n á so igi méjì mọ́ kàríà ẹ̀yìn kó lè gùn sí i, wọ́n á tẹ́ àpò sórí rẹ̀, wọ́n á to iṣu ní ìbú, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, wọ́n á sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù tó ti gbó dè é pinpin. Rọ́bà yẹn dára ju okùn lọ, nítorí ó ń fà, kì í sì í tú bí ọ̀nà bá ń gbọ̀n ọ́n. Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, ọlọ́kẹ̀kẹ́ kò ní gùn ún mọ́, ọwọ́ kan á wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èkejì á di ẹrù mú, yóò máa tì í lọ. Ìsọ̀kalẹ̀ ló léwu jù. Bíréèkì onírin gbọọrọ tó wà lára Raleigh kì í di rímù mú dáadáa bí omi bá ti kàn án, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Ẹlẹ́mu ní tirẹ̀ á so kèrègbè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì, á gbé igbà kọ́ èjìká, kò sì ní jẹ́ sáré, kí ẹmu má baà dà.

Bí táyà bá jò, kò sí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Wọ́n á yọ túúbù, wọ́n á fún un léèémí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi tàbí etí odò, ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Wọ́n á fi bébà oníyanrìn ha á, wọ́n á fi sọ́lúṣọ̀n, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n á lẹ rọ́bà mọ́ ọn.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ní. Tíṣà, wolé-wolé, akọ̀wé àti oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ ti tó ẹnu ló kọ́kọ́ ń rà á, lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ bíi UAC àti John Holt. Ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà, N.A., ń gbowó láísẹ́nsì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá jáde lálẹ́ láìtan iná kẹ̀kẹ́ lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn ọmọdé tí kò lówó ń háyà kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan. Nítorí pé ẹsẹ̀ wọn kò tíì tó, abẹ́ irin àárín ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ kí wọ́n tó lè rí pẹ́dàlì wà. Àpá ibi tí wọ́n ti ṣubú wà lójúgun ọ̀pọ̀ bàbá títí dòní.

Irú ìgbésí ayé yìí kò mọ sí ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ nìkan. Ní ilẹ̀ Ngwa lápá ìlà oòrùn Nàìjíríà, kẹ̀kẹ́ làwọn oníṣòwò fi ń gbé epo pupa dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Ní Busia, níbi tí Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ti pààlà, kẹ̀kẹ́ akérò ló bí boda-boda, ọ̀kadà tiwọn. Ọmọ Yorùbá kan tilẹ̀ gbé e kọjá òkun: ní 1952, Moshood Olabisi Ajala, akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, wọ aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá, ó sì gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,200 máìlì. Òun náà ni Àjàlá tó padà fi Vespa yí ayé ká.

Ohun tó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà Ọ̀jọ̀kú ni ọ̀dà àti alùpùpù. Owó epo rọ̀bì ọdún 1970 sókè mú ọkọ̀ pọ̀. Lẹ́yìn tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986 tí ọkọ̀ tuntun sì wọ́n, ọ̀kadà gba ìgboro, ó gba oko. Lónìí, ọ̀kadà Bajaj ló ń gbé iṣu jáde. Kẹ̀kẹ́ di ohun ìṣeré ọmọdé, orílẹ̀-èdè tí kẹ̀kẹ́ ti bọ́ nígbà kan sì wá dé ibi pé, ní Olympics Paris 2024, àwọn ará Jámánì ló yá Ese Ukpeseraye, agunkẹ̀kẹ́ Nàìjíríà, ní kẹ̀kẹ́ kó tó lè kópa nínú eré keirin. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ lè máa ṣẹ̀fẹ̀ lọ, ìtìjú ni.

Àwọn ọ̀nà tó lọ sí oko àti sí etí Ọ̀yun tí kò lọ́dà ṣì pọ̀, àwọn tó ti ẹrù gba orí wọn sì ti ń lé ní ọgọ́rin ọdún. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀jọ̀kú àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly Ọ̀ffà jókòó tì wọ́n, kí wọ́n bèèrè ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gbà, kí wọ́n yà á sórí máàpù, kí wọ́n sì gun ún láti ibùdókọ̀ Ọ̀ffà gba Ọ̀jọ̀kú dé Ìrá. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù, kí òjò tó padà dé.