Wíwá Orúkọ Egún Wa Nínú Ìwé Èrò Ọkọ̀ Ojú Omi

Ìwé èrò ọkọ̀ ni ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀. Olórìṣà nílò rẹ̀ nítorí pé a kì í júbà láìdárúkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti sọnù, a máa ń pè é mọ́ gbogbo egún tí a kò mọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fẹ́ kó parí síbẹ̀.

Nínú ilé wa ní Billstedt, ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ gbà dé. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Kúbà, tí ìyá ńlá wọn jẹ́ Lukumí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Jámánì, tí ẹbí wọn gba Hamburg kọjá lọ sí òkè òkun. Egún ẹ̀jẹ̀ ni àwọn méjèèjì, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé wọn kò jọra. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ ló wà nínú èkínní, ẹni tí wọ́n jí gbé ló wà nínú èkejì.

Ìwé ti Hamburg

Ọdún 1850 ni ó bẹ̀rẹ̀, ó dé 1934, àyàfi ìgbà ogun láti 1915 sí 1919. Staatsarchiv Hamburg ní Wandsbek ló ń tọ́jú rẹ̀, kò jìnnà sí wa, a sì lè wo àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Ancestry. Ó kọ orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, orúkọ ọkọ̀, àti ìlú tí èèyàn ti wá. Ìlú yìí ló ṣe iyebíye jù. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń kọ Jámánì tàbí Prussia nìkan, èyí kò sì lè mú yín dé ilé ìjọsìn tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún baba ńlá yín. Bí orúkọ kò bá sí nínú ìwé àwọn tó lọ tààrà, ẹ wo ìwé kejì, ti àwọn tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá.

Ti Bremen bani nínú jẹ́. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fúnra wọn da ti àtijọ́ nù nítorí pé àyè kò sí. Ti 1920 sí 1939 ló kù.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe níbí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pe ọkùnrin kan nínú mojúbà mi nítorí pé orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti baba ńlá mi mu. Nígbà tí mo wá wo ìlú rẹ̀ dáadáa, Pomerania ni, Mecklenburg sì ni àwọn tèmi. Mo gbé kọfí, omi àti àbẹ́là síwájú egún, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìwé ti àwọn Lukumí

Ní 1817, Bìrìtìkó àti Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn lórí òwò ẹrú. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ ní Havana àti Freetown. Bí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ akẹ́rú, wọ́n á kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ wá síbẹ̀, wọ́n á sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ìwé ti Havana, láti 1824 sí 1841, kọ orúkọ tí wọ́n gbé wá láti ilé, orúkọ ìrìbọmi, ọjọ́ orí, gíga, ilà ara, àti orílẹ̀. Wọ́n pè wọ́n ní emancipado, ẹni òmìnira, síbẹ̀ wọ́n tún pín wọn fún ọ̀gá láti ṣiṣẹ́ fún. African Origins ti kó orúkọ 91,491 jọ láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Samuel Ajayi Crowther gba ọ̀nà yìí: ọkọ̀ Esperança Feliz kó o kúrò ní Èkó ní 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà á, ó sì dé Freetown ní oṣù Kẹfà ọdún náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tiwa ni kò sẹ́ni tó gba ọkọ̀ wọn. Iye wọn nìkan ni ìwé ọkọ̀ kọ. Ẹ wá irú wọn nínú ìwé ìrìbọmi Kúbà, tí Slave Societies Digital Archive ti yunifásítì Vanderbilt ti ya àwòrán púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni mímọ́ Sípáníìṣì ni ẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú Lukumí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n fi ìlú kún un: Eyó ni Ọ̀yọ́, Yesá ni Ìjẹ̀ṣà, Yebú ni Ìjẹ̀bú, Eguado ni Ẹ̀gbádò.

Etí Sípáníìṣì ló gbọ́, ọwọ́ Sípáníìṣì ló kọ. Ch dúró fún ṣ, y dúró fún j, kò sì sí àmì ohùn. Ayayi lè jẹ́ Àjàyí. Oyo lè jẹ́ Òjó, ó sì lè jẹ́ ìlú. Ẹ sì rántí pé orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, Àìná àti Òjó: gbogbo ọmọ tó bá bá a wá ló ń jẹ́ ẹ. Àjàyí tó wà nínú ìwé lè má jẹ́ Àjàyí tiyín.

Nítorí náà, mi ò gbà kí ọmọ ilé mi fi orúkọ sínú mojúbà nítorí pé ó dùn létí. Ìwé méjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ọmọ òrìṣà kan ní Berlin bi mí bóyá obì kò lè dípò ìwé. Mo ní rárá. A lè bi obì bóyá egún náà gba oúnjẹ wa, àmọ́ a kì í fi obì ka ohun tí akọ̀wé kọ. Bí ọkọ̀ bá dájú tí orúkọ kò dájú, ẹ fi orúkọ ọkọ̀ àti ọdún pe gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Nínú ìwé mojúbà wa, pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ orúkọ tí kò tíì dájú.